Ọ̀bẹ Tó Ń Pa Ẹnu Dé

Bí ẹ bá pàdé Ọ̀ṣunníyì lójú ọ̀nà Ẹ̀gùá, tí ẹ sì ní ọsàn lọ́wọ́, ẹ má wulẹ̀ wá ọ̀bẹ kiri. Kí ẹ tó sọ pé ẹ fẹ́ bó o, ọwọ́ rẹ̀ ti wọ àpò ọ̀tún. Á yọ ohun dúdú kan tó gùn tó àtẹ́lẹwọ́ síta, á fi àtàǹpàkò tì í díẹ̀, ẹ ó gbọ́ "kàú", ojú ọ̀bẹ á sì yọ jáde nínú èèkù rẹ̀. Kò ní í tíì bó ọsàn náà o. Á kọ́kọ́ dúró díẹ̀ kí ẹ lè ráyè béèrè ibi tí ó ti rí i. Bí ẹ kò bá béèrè, fúnra rẹ̀ ni yóò sọ fún yín.

Ọmọ́délé, àkọ́bí rẹ̀ obìnrin, ló fún un. Òdìkejì ẹnubodè, níhà Kétu, ni ọmọ náà ti kàwé, ó gbọ́ Faransé dáadáa, Faransé náà ló sì gbé e dé òkè òkun, níbi tí ó ti ń dáná nílé oúnjẹ ńlá kan. Nígbà tí ó wálé, kò ra aago fún bàbá rẹ̀, kò ra bàtà. Ó ní ọ̀bẹ ni àwọn tó mọṣẹ́ wọn lọ́hùn-ún fi ń yẹ́ ara wọn sí, àgbẹ̀ tó mọṣẹ́ sì ni bàbá òun. Kò fi lé e lọ́wọ́. Nílé tiwọn, wọn kì í ti ọwọ́ dé ọwọ́ gba ọ̀bẹ, kí ìjà má baà bọ́ sáàárín àwọn méjèèjì. Ó gbé e sílẹ̀ níwájú bàbá rẹ̀, bàbá bẹ̀rẹ̀ mú un, nígbà tí ó sì nàró, omi ti lé sí i lójú.

Ọ̀bẹ náà kúkú tó ohun tí èèyàn ń fi yangàn. Ìwo màlúù ni èèkù rẹ̀, ó dúdú, ìlà funfun kan sì gba inú rẹ̀ kọjá. Ojú rẹ̀ tín-ín-rín, ó mú débi pé ó lè la èèpo ẹ̀pà sí méjì láìfọ́ ọmọ inú rẹ̀. Kò wúwo rárá, síbẹ̀ Ọ̀ṣunníyì ní bí òun bá gbàgbé rẹ̀ sílé, ẹsẹ̀ òun kì í balẹ̀, òun á máa rìn bí ẹni tó sọ nǹkan nù. Ó ní kí Lukman télọ̀ rán àpò aláṣọ méjì sí gbogbo ṣòkòtò òun, títí kan èyí tó ń wọ̀ sùn. Àṣìkẹ́ ìyàwó rẹ̀ wò ó títí, ó ní kò burú, òun ti gbà pé òun ní orogún, kí orogún náà sáà máa bá òun gé ilá.

Orogún náà kì í jẹun lásán. Òun ló ń já okùn, òun ló ń ṣí àpò ajílẹ̀, òun ló ń yọ ẹ̀gún lẹ́sẹ̀ èèyàn. Bí àkókò iṣu bá dé, Ọ̀ṣunníyì kì í fi ohun mìíràn gé èbù. Ó ní ọ̀bẹ tó kú máa ń fọ́ iṣu lára, ibi tó bá fọ́ ni yóò ti máa jẹrà nínú ilẹ̀, ṣùgbọ́n èbù tí ọ̀bẹ òun bá gé máa ń hù ṣáájú ti gbogbo ayé. Ẹnikẹ́ni kò tíì wọn èyí wò, àmọ́ wọ́n ń pè é wá gé tiwọn. Ohun kan ṣoṣo ló ń bà á nínú jẹ́ lára ọ̀bẹ náà. Oje iṣu ti wọ ìdí rẹ̀, níbi tí ojú ọ̀bẹ ti wọnú èèkù, ó sì di àbàwọ́n dúdú kan níbẹ̀. Ọ̀ṣunníyì fi kẹrosíìnì nù ún, ó fi eérú nù ún, ó tilẹ̀ pe Ọmọ́délé lórí fóònù láti béèrè ohun tí àwọn òyìnbó fi ń yọ ọ́. Àbàwọ́n náà kò lọ.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe wà tí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ Fẹ́yìsetán fi délẹ̀.

Opó ọ̀rẹ́ Ọ̀ṣunníyì ni Fẹ́yìsetán. Ilẹ̀ tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ wà lójú ọ̀nà Ọjà-Ọ̀dàn, pèrègún ló sì jẹ́ ààlà rẹ̀. Alfred, ọmọ àbúrò bàbá ọkọ rẹ̀, tó ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ ní Ìlaró, dé lọ́jọ́ kan, ó ní ilẹ̀ òun kọjá pèrègún yẹn, pé opó náà ló ṣẹ̀ṣẹ̀ gbìn ín. Ó ti bá onikatakata sọ̀rọ̀. Wọ́n ti kọ ebè síbẹ̀, èbù sì ti wà nínú ebè, ṣùgbọ́n bí Baálé ìlú kò bá dá a dúró níbi ìpàdé tó pè, láàárọ̀ ọjọ́ kejì ni katakata yóò wọ inú oko yẹn. Nínú gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ nígbà tí bàbá ọkọ Fẹ́yìsetán gbin pèrègún náà, Ọ̀ṣunníyì nìkan ló kù láyé, òun ni yóò sì wá búra jẹ́rìí.

Níwájú Baálé Ìbítóyè, onígbàgbọ́ á fi Bíbélì búra, mùsùlùmí á fi Kùránì, ẹni tó ń bọ Ògún bíi Ọ̀ṣunníyì á fi irin. Kì í sì í ṣe irinkírin. Irin tó fi ń jẹun ni yóò ti ilé rẹ̀ mú wá, bí ó bá sì ti yọ ọ́ láwùjọ, kò gbọdọ̀ pààrọ̀ rẹ̀ mọ́, nítorí lójú àwọn àgbà ibẹ̀, ẹni tó pààrọ̀ irin ti pààrọ̀ ọ̀rọ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, Àṣìkẹ́ gbé àdá ti ẹnu ọ̀nà. "Bàbá Ọmọ́délé," ó ní, "àdá lẹ óò mú o." Ọ̀ṣunníyì ní òun ti gbọ́. Ó wo àdá, ó wo èèkù rẹ̀ tí wọ́n fi rọ́bà táyà kẹ̀kẹ́ wé. Ó ro gbogbo èrò tí yóò wà níbẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ lọ sí àpò. Kí a má purọ́, ọkùnrin náà fẹ́ kí gbogbo ìlú rí ọ̀bẹ rẹ̀ ni. Ó fi àdá sílẹ̀ níbẹ̀, ó sì gun ọ̀kadà lọ.

Wọ́n pè é níwájú Baálé, ó dìde, ó yọ ọ̀bẹ. Ó dún "kàú". Àwọn kan na ọrùn wò ó, inú rẹ̀ sì dùn. Ìgbà náà ni Alfred dìde, ó kọjú sí Baálé.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo irin tí wọ́n mú wá," ó ní. "Irin tó ń ká ni. Bí wọ́n bá fi búra tán, ọ̀rọ̀ náà á ká padà sínú àpò."

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Àwọn àgbà pàápàá rẹ́rìn-ín. Baálé kò rín, ṣùgbọ́n ó mi orí, ó ní ọ̀rọ̀ Alfred ní ìtumọ̀ o, pé bàbá òun kò fi irin tó ń ká búra fún ẹnikẹ́ni rí. Kò lè padà lọ mú àdá. Ó wo ibi tí Fẹ́yìsetán jókòó sí láàárín àwọn obìnrin, obìnrin náà kò bú u, kò sunkún, ó kàn ń wo ọ̀bẹ náà. Ojú ti Ọ̀ṣunníyì. Yẹ̀yẹ́ tí wọ́n fi í ṣe kọ́ ló dùn ún, pé fáàrí òun ló fẹ́ gba oko lọ́wọ́ opó ọ̀rẹ́ òun ló dùn ún.

Ó wá rántí ọjọ́ tí ó kọ́kọ́ gba ọ̀bẹ náà, bí ó ṣe ṣí i tán tí kò mọ bí yóò ṣe pa á dé, tí ó ń bá a jà títí Ọmọ́délé fi fi ibi tí wọ́n ń tẹ̀ hàn án. Ó rìn lọ síwájú Baálé, ó gbé ọ̀bẹ náà sílẹ̀ ní ṣíṣí.

"Bàbá," ó ní, "ẹ bá mi pa á dé."

Baálé mú un nílẹ̀, ó tì í, kò gbọ́. Ó gbé e sílẹ̀, ó ní kí Alfred wá gbìyànjú. Alfred mú èèkù, ó fi etí aṣọ di ojú ọ̀bẹ mú, ó tẹ̀ ẹ́ títí iṣan ọrùn rẹ̀ fi yọ. Ọ̀bẹ náà nà gbọnrangandan. Wọ́n tún bú sẹ́rìn-ín, àmọ́ kì í ṣe Ọ̀ṣunníyì ni wọ́n ń rín mọ́.

"Bí kò bá sí ọ̀rọ̀, ó ń pa ẹnu rẹ̀ dé," Ọ̀ṣunníyì ní. "Bó bá ti la ẹnu, kò sẹ́ni tó lè fi agbára pa á dé. Èmi náà, látọjọ́ tí wọ́n ti gbin pèrègún yẹn, mi ò sọ nǹkan kan nípa rẹ̀, torí kò sẹ́ni tó bi mí. Ẹ ti wá bi mí lónìí."

Baálé ní èyí dára, ṣùgbọ́n ó ku ọ̀kan. Irin tí èèyàn fi ń jẹun ni wọ́n ń béèrè, èyí tó ń dán báyìí ha ṣiṣẹ́ rí bí? Kí Ọ̀ṣunníyì tó fèsì, Fẹ́yìsetán ti dìde.

"Bàbá, òun ni Ẹ̀gbọ́n fi gé gbogbo èbù tó wà nínú oko yẹn."

Baálé gbé ọ̀bẹ súnmọ́ ojú. Ó wo ojú rẹ̀, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀, ó wá dé ìdí rẹ̀. Ó fi èékánná ha ibẹ̀, ó gbé èékánná wò, ó ní, "Oje iṣu rèé." Ó tẹ́ ọ̀bẹ náà sílẹ̀ fún Ọ̀ṣunníyì. Ọ̀ṣunníyì bẹ̀rẹ̀ mú un, ó fi ahọ́n kan án níhìn-ín, ó fi kan án lọ́hùn-ún, ó sì sọ ẹni tó gbin pèrègún náà àti ìdí tó fi gbìn ín. Baálé ní ibi tí pèrègún wà náà ni ààlà, kí ẹnikẹ́ni má kọjá rẹ̀. Kí wọ́n tó túká, Alfred ti bọ́ sí ìta, ó ń sọ fún onikatakata lórí fóònù pé kó má wulẹ̀ wá mọ́.

Ọ̀ṣunníyì yangàn délé. Àṣìkẹ́ ti gbọ́, ó sì bú u dáadáa nítorí àdá kí ó tó gbé oúnjẹ fún un, ó tún rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn oúnjẹ, ó gbé àkísà àti ìgò kẹrosíìnì wá fún un bí ìṣe rẹ̀. Ọmọ́délé sì ń pè lórí fóònù lọ́wọ́, ó fẹ́ mọ̀ bóyá nǹkan tí òun ní kí wọ́n fi nu ọ̀bẹ yọ àbàwọ́n náà.

"Mi ò nù ún mọ́," bàbá rẹ̀ ní. "Àbàwọ́n yẹn ló bá mi jẹ́rìí."

Ó tẹ ìdí ọ̀bẹ náà, ó pa á dé, ó sì ní kí Àṣìkẹ́ gbé kẹrosíìnì padà.