Ìdajì Ọjọ́ Tí Fóònù Mi Gé Sọnù

Ní Ùsò, àáró la fi ń kọ ebè. Lónìí, gbogbo wa á lọ sóko rẹ. Tó bá yá, gbogbo wa á wá sí tèmi. Àwọn ọkùnrin a kọ ebè, àwọn obìnrin a gé iṣu àgbìn, wọn a sì gbìn ín. Ẹni tó bá ti bá àwọn ẹlòmíràn ṣiṣẹ́ jù, oko tirẹ̀ ló kàn. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe é kí n tó ki fóònù bọ̀ ọ́.

Àbúrò bàbá mi ni olórí àáró wa, òun ló sì máa ń ka ọjọ́. Ó ní agolo mílíìkì kọ̀ọ̀kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Bí o bá ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ dìrọ̀lẹ́, á ju odidi èkùrọ́ kan sínú agolo rẹ. Bí o bá lọ lọ́sàn-án, èèpo èkùrọ́ lásán ni á jù sí i. Èèpo méjì, èkùrọ́ kan. Èmi tí mo fi sẹ́kọ́ńdìrì sílẹ̀ lágbedeméjì, tí mo wá ń fi fóònù kọ́ èdè kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní Python, mo ń fi agolo yẹn ṣẹ̀fẹ̀.

Mo ní, "Bàbá, ayé ti kọjá agolo."

"Ó kọjá lọ síbo?"

"Sínú fóònù, sà."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín. Mo kọ ètò kékeré kan. Èèyàn á tẹ orúkọ, á tẹ iṣẹ́ ọjọ́ náà, odidi tàbí ìdajì. Ètò náà á rò ó pọ̀ mọ́ iye tó ti wà nínú fáìlì tẹ́lẹ̀, á sì tọ́jú àpapọ̀ rẹ̀. Inú bàbá dùn. Ìyàwó rẹ̀ kó èkùrọ́ inú agolo, ó fi wọ́n ṣe àdín.

Ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa ní ìbẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n nítorí pé ìdajì lè wọ inú ìṣirò náà, Python kì í kọ ọjọ́ mẹ́ta ní mẹ́ta lásán. Á kọ mẹ́ta, á fi póìntì sí i, á tún fi òdo ti póìntì lẹ́yìn. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo fi han àwọn èèyàn wa, ọ̀rẹ́ mi kan tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi na ọrùn wo ojú fóònù.

"Kí ni òdo tó ń tọ ọjọ́ mi lẹ́yìn yìí? Àbí ọjọ́ mi ti hu ìrù?"

Ẹ̀rín tí wọ́n rín lọ́jọ́ náà dùn mí. Mo délé, mo ní màá gé ìrù yẹn. Irinṣẹ́ kan wà nínú èdè náà tí wọ́n ń pè ní int. Fún un ní nọ́ńbà, á dá odidi padà fún ọ. Mo rò pé á máa wo odidi tó sún mọ́ nọ́ńbà náà jù, bí olùkọ́ wa ṣe kọ́ wa nílé ìwé. Mi ò dán an wò. Int kì í wo èyí tó sún mọ́ nǹkan kan. Ohunkóhun tó bá wà lẹ́yìn póìntì, á gé e dànù. Ì báà ku díẹ̀ kó pé odidi, á gé e. Ìdajì ńkọ́? Òdo ló ń dà.

Ọ̀rọ̀ fáìlì ló wá sọ ọ́ di ohun tí kò ṣeé tún ṣe. Bí o bá fẹ́ kọ nǹkan sínú fáìlì, lẹ́tà kan lo fi ń sọ ohun tó o ń ṣí i fún. Bí o bá lo "a", á kọ tuntun sábẹ́ ti àtijọ́. Bí o bá lo "w", kó o tó kọ ohunkóhun rárá, á ti nu gbogbo ohun tó wà níbẹ̀. Èmi, "w" ni mo lo, torí pé àpapọ̀ ìkẹyìn nìkan ni mo fẹ́. Iye tí int ti gé ni mò ń tọ́jú, ohun tó wà ṣáájú ti lọ.

Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi lọ̀rọ̀ yìí bá. Ọmọ Ìdóàní ni. Nítorí pé ìyàwó ilé wa ni, kì í pe orúkọ mi. "Ọkọ mi akọ̀wé" ló ń pè mí. Àrùn rọpárọsẹ̀ ti dá ọkọ rẹ̀ dùbúlẹ̀. Ìyàwó náà ń bá wa lọ sóko láràárọ̀, tó bá di ọ̀sán, á lọ bójú tó o. Ọjọ́ àkọ́kọ́ nìkan ló dúró dìrọ̀lẹ́, torí pé ìyá rẹ̀ wá jókòó ti ọkọ rẹ̀. Fún ọjọ́ yẹn, fóònù kọ ọ̀kan fún un. Lọ́jọ́ kejì, ó di ọ̀kan àti ààbọ̀. Int gé ààbọ̀ náà, fáìlì tọ́jú ọ̀kan. Ìgbà mìíràn tó tún wá, ọ̀kan àti ààbọ̀, a tún gé e. Títí ẹ̀ẹ̀rùn fi ń parí lọ, orí ọ̀kan ló wà.

Nígbà tí ó rí i pé oko gbogbo èèyàn ń kàn, ó wá bá wa ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ olórí àáró.

"Ẹ jọ̀ọ́, ìgbà wo ló máa kan tiwa? Iṣu àgbìn mi ti ń hù lábà, òjò sì ti fẹ́ dé."

Mo ṣí fóònù. "Ìyàwó wa, ọ̀kan ni tiyín."

"Ọ̀kan kí ni?"

"Ọjọ́ kan."

Ó rẹ́rìn-ín, ó rò pé eré ni. "Ọkọ mi akọ̀wé, ẹ tún un wò."

Mi ò tún un wò. Mo yí ojú fóònù sí gbogbo wọn, mo ní, "Ẹ̀rọ kì í purọ́. Èèyàn ló ń purọ́."

Ọ̀rẹ́ mi ẹlẹ́nu gbà á lẹ́nu mi: "Ìyàwó, ẹ̀yìn yín là ń rí lọ́sàn-án, a ò rí iṣẹ́ yín!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Kò sí ẹni tí kò mọ̀ pé obìnrin náà ń wá, èmi náà mọ̀. Lójú mi ló ń gé iṣu láràárọ̀. Ó tún ìró rẹ̀ ró, ó ní, "Ó dáa, ọkọ mi," ó sì lọ. Olórí àáró gbójú kúrò. "Fóònù ló sọ bẹ́ẹ̀," ni gbogbo ohun tó sọ.

Kò pẹ́ sí i, a wà lóko ẹlòmíràn nígbà tí òjò lé wa wọ ahéré lọ́sàn-án. Mo tẹ ìdajì fún gbogbo wa. Ọ̀rẹ́ mi tún na ọrùn.

"Mẹ́jọ ni mí lánàá, mẹ́jọ ni mí lónìí. Ṣé òjò wọ inú fóònù ni?"

"Tèmi náà ò kúrò lójú kan!"

"Ìdajì mi dà?"

Ariwo gba ahéré. Ìdajì kan ṣoṣo tí wọ́n pàdánù, wọ́n fẹ́ fa aṣọ mi ya. Mo tẹ ọ̀kan àti ààbọ̀ níbẹ̀, int dá ọ̀kan padà fún mi. Kò sẹ́ni tó ní láti sọ fún mi ẹni tí ó ti ń ṣẹlẹ̀ sí tipẹ́.

Mo ní, "Bó ṣe ń ṣe ìyàwó wa nìyí látọjọ́ yìí."

Olórí àáró bi mí pé, "Ìdajì mélòó la jẹ ẹ́?"

Mo wo fáìlì. Ọ̀kan ló wà níbẹ̀. Mi ò mọ̀. Ó ní kí n lọ bi í.

Mo bá a lábà, ó ń fi ọ̀bẹ gé ibi tó ti rà kúrò lára iṣu àgbìn. Mo dọ̀bálẹ̀, mo sọ ohun tí mo ṣe, mo sì bi í pé ìgbà mélòó ló wá.

Kò gbójú sókè. "Mi ò kà á. Mo rò pé ẹ̀yin lẹ̀ ń kà á."

A lọ sóko rẹ̀ nígbà tí òjò rọlẹ̀. Ilẹ̀ ti rin, ebè ò dúró dáadáa, iṣu àgbìn tó kù kò sì tó oko náà. Lọ́sàn-án, ìyàwó wa tún gèlè rẹ̀ wé, ó fẹ́ máa lọ sílé. Mo ní kó jẹ́ kí n lọ dípò rẹ̀, kó dúró ti oko rẹ̀. Ó rò ó díẹ̀, ó wá sọ ibi tí ògì wà fún mi.

Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi nìkan ló wà nílé. Mo yí i padà, ó wúwo ju àpò gàrí lọ. Mo nu ara rẹ̀, mo pààrọ̀ aṣọ abẹ́ rẹ̀, mo tún fọ èyí tó ti bàjẹ́. Òógùn bò mí. Mo ti ń rò tẹ́lẹ̀ pé tí ìyàwó rẹ̀ bá lọ lọ́sàn-án, ìsinmi ló lọ ṣe.

Nígbà tí mo ń fún un ní ògì, ó fi ẹnu tó ti wọ́ sọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀.

"Wọ́n ti ń kọ ebè náà?"

"Wọ́n ń kọ ọ́, ẹ̀gbọ́n."

"Ó ti pẹ́ jù."

"Èmi ni mo fà á."

Ó wojú mi, ó la ẹnu fún ògì, mo sì bu ṣíbí mìíràn sí i.