Ọjọ́ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Fún Mi ní Fírídọ̀mù

Ìbéèrè tó dà mí láàmú jù nínú gbogbo ọdún tí mo fi ṣe iṣẹ́ ìwádìí kò gùn rárá. Àwọn àgbà yunifásítì kan ní Kánádà ló jókòó yí mi ká, wọ́n ń wò ó bóyá kí wọ́n fún mi ní yàrá ìwádìí tèmi. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Iṣẹ́ ọ̀gá rẹ la ti ń gbọ́ láti àárọ̀. Tìrẹ ńkọ́?"

Mo ní, "Ọ̀gá mi ló kọ́ mi ní gbogbo rẹ̀, sà."

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ìdáhùn ọmọlúàbí nìyẹn. Ní Lọ́kọ́jà níbí, ọmọ iṣẹ́ tó bá ń ké "èmi, èmi" lójú àgbà, wọn á ní kò lẹ́kọ̀ọ́ ilé. Ṣùgbọ́n létí àwọn yẹn, ṣe ni mo fi ẹnu ara mi sọ pé ọwọ́ mi ṣófo. Wọn kò gbà mí.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé díẹ̀. Ẹni tó gba oyè dókítà nínú ẹ̀kọ́ kò tíì di ọ̀gá. Á tún lọ ṣiṣẹ́ fún ọdún mélòó kan lábẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n kan. Póòsìdọ́ọ̀kì ni wọ́n ń pè é. Ẹ fi wé télọ̀ tó ti mọ aṣọ rán, àmọ́ tó ṣì ń rán an ní ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá. Bí ọdún yẹn bá pé tí kò rí yàrá tirẹ̀, á di ẹrù rẹ̀ padà sílé. Tèmi ti ń pé lọ.

Ọ̀gá mi ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Hẹ́lẹ́nì, obìnrin kúkúrú kan tí orí rẹ̀ ti funfun. Ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ adágún ló fi gbogbo ayé rẹ̀ wò. Ó fẹ́ kí n máa pe òun lórúkọ, ẹnu mi kọ̀ ọ́. "Mà" ni mò ń pè é ṣáá, títí ó fi ní, "Ẹni tó bá gbọ́ ọ á rò pé mo ń jọba."

Nígbà tó gbọ́ ohun tí mo fi dá àwọn àgbà yẹn lóhùn, ó di orí mú. "Ìbéèrè odò méjì yẹn ńkọ́? Èmi kọ́ ni mo fún ọ."

Òótọ́ ni. Láti kékeré ni mo ti ń dúró létí omi, tí mò ń wo bí odò Ọya àti Bẹ́núé ṣe ń pàdé, tí àwọ̀ méjèèjì á jọ máa rìn kí wọ́n tó dàpọ̀. Mo fẹ́ mọ ohun tí irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ ń ṣe fún ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ odò àti àwọn ohun ẹlẹ́mìí kéékèèké inú rẹ̀. Mo ti kọ iṣẹ́ náà sílẹ̀, mo sì kọ orúkọ ọ̀gá mi mọ́ tèmi. Ó fi bírò pa tirẹ̀ rẹ́. Mo tún un kọ. Ó tún pa á rẹ́. Bí ọmọdé la ṣe ń ṣe é.

Mo bá pe bàbá mi, télọ̀ ni ní Gadumo, ní Lọ́kọ́jà níbí.

"Okun o, Bàbá."

"Okun, ọmọ mi. Ṣé òtútù ò tíì jẹ ọ́ tán?"

Mo rojọ́ fún un. Ó dá ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ dúró. Ó wá ní, "Ṣé ó ti fún ọ ní fírídọ̀mù?"

"Wọn kì í ṣe é níbí, Bàbá."

"Ìyẹn ni ọkàn rẹ ò ṣe balẹ̀. Sùlé tí mo kọ́ níṣẹ́, lọ́jọ́ tí mo gbàdúrà fún un, tí mo fi àlùmọ́gàjí lé e lọ́wọ́, ṣé orúkọ mi ló kọ sí sáínbọ́ọ̀dù rẹ̀?"

"Rárá, sà."

"Ṣé ó bú mi ni?"

"Rárá."

"Lọ bẹ̀ ẹ́, kó ṣe é fún ọ."

Lọ́jọ́ kejì, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú Ọ̀jọ̀gbọ́n Hẹ́lẹ́nì. Ó figbe ta pé kí wọ́n pe ọkọ̀ tí ń gbé aláìsàn. Mo ń ti ilẹ̀ wí pé, "Ara mi le, mà! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tú mi sílẹ̀ ni!"

Nígbà tí mo ṣàlàyé tán, ó yọ awò ojú rẹ̀. "Kí ni kí n wí?"

"Ohun tó bá wà lọ́kàn yín. Ẹ ó sì fún mi ní irinṣẹ́ kan."

N kò rò pé ó ti gbàdúrà fún ẹnì kan rí. Ó gbé ọwọ́ lé mi lórí bí ẹni ń wò ó bóyá ibà ń ṣe mí. "Kí omi tìrẹ má gbẹ," ó ní. "Kí o rí ohun tí èmi ò rí." Ó mú ṣíbí irin gígùn tó ti fi ń bu ẹrẹ̀ láti ìgbà èwe rẹ̀, èyí tí ọwọ́ ti mú kí èkù rẹ̀ dán, ó fi lé mi lọ́wọ́. "Máa lọ kí n tó sunkún." Ó kúkú ti ń sunkún.

Yunifásítì mìíràn pè mí. Ìbéèrè kan náà ni wọ́n bi mí. Mo fọwọ́ kan ṣíbí tó wà nínú àpò mi, mo ní, "Ọ̀gá mi ló kọ́ mi bí a ṣe ń bu ẹrẹ̀. Ìbéèrè odò méjì, tèmi ni." Wọ́n fún mi ní yàrá, wọ́n kọ orúkọ mi sára ilẹ̀kùn. Bàbá mi gba fọ́tò ilẹ̀kùn náà, ó gbé e kọ́ sí ṣọ́ọ̀bù.

Mo ti fẹ̀yìntì sí Felele, ní Lọ́kọ́jà níbí, báyìí. Kí n tó kúrò lọ́hùn-ún, mo gbàdúrà fún Amina, ọmọ Nupe tó ṣe póòsìdọ́ọ̀kì kẹ́yìn lábẹ́ mi, mo sì fi ṣíbí yẹn lé e lọ́wọ́. Níjẹta, ó fi iṣẹ́ àkọ́kọ́ tó dá ṣe ránṣẹ́ sí mi. Mo wá orúkọ mi lókè, mo wá a nísàlẹ̀. Mo pè é.

"Amina, n kò rí orúkọ mi o."

"Háà! Ẹ má bínú, sà, ṣebí ẹ̀yin lẹ ní kí n má kọ ọ́..."

"Ta ló ń bínú? Ayọ̀ ni mò ń yọ̀. Ṣíbí mi dà?"

"Ó wà lọ́wọ́ mi báyìí, sà. Mi ò tíì fọ ẹrẹ̀ ara rẹ̀."