Lẹ́tà Kan, Aṣọ Méjì

Òórùn eruku tó gbóná lára ẹ̀rọ ni mo kọ́kọ́ máa ń rántí tí ẹnikẹ́ni bá dárúkọ àdúgbò Ajibode. Yàrá íméèlì kan wà níbẹ̀ nígbà tí mo ń kàwé fún oyè kejì ní yunifásítì: kọ̀ǹpútà mẹ́ta péré, ojú wọn dúdú, lẹ́tà aláwọ̀ ewé nìkan ló ń tàn níbẹ̀. Kò sí àwòrán, kò sí ọ̀ṣọ́. Ohun tí o bá tẹ̀ náà ni yóò lọ, ó sì tẹ́ mi lọ́rùn bẹ́ẹ̀.

Lọ́dún náà, ilé iṣẹ́ kan tó ń fọ́ òkúta ń da ẹ̀gbin sínú odò tí abúlé wa lẹ́yìn Akínyẹlé ń mu. Àwọn àgbà jókòó, wọ́n sọ, mo kọ ọ́ sí lẹ́tà. Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi kọ ọ́, ṣùgbọ́n mo túmọ̀ ìlà kọ̀ọ̀kan fún wọn kí wọ́n tó tẹ̀ka sí i, torí pé ọ̀rọ̀ tí wọn kò bá fi etí ara wọn gbọ́ kì í jáde lórúkọ wọn. Ìyá àgbà kan tó ń yan gààrí ló sọ èyí tó gbóná jù: “Wọ́n ti ba omi wa jẹ́, àwọn ọmọ wa ń yàgbẹ́ gbuuru, wọ́n sì mọ̀.”

Mo tẹ̀ ẹ́ ní yàrá íméèlì, mo fi í ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì ìjọba tó ń bójú tó irú ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Wọ́n dáhùn pé ó dà rúdurùdu lójú kọ̀ǹpútà àwọn, kí a fi èyí tó ní àkọlé gàdàgbà àti ìlà tó gún ránṣẹ́. Ọ̀gá yàrá íméèlì ní òun á bá mi wọ̀ ọ́ láṣọ, bí wọ́n ṣe fẹ́ kó rí. Nígbà tí mo ka iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, ọ̀rọ̀ ìyá yẹn ti lọ. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé àwọ̀ omi náà yí padà díẹ̀. Kò béèrè, kò sọ fún mi, ó sì fi orúkọ àwọn tó tẹ̀ka sílẹ̀ lábẹ́ ohun tí wọn kò sọ.

“Ọ̀gá, ta ló ní kí ẹ fọwọ́ kan ọ̀rọ̀ wọn?”

“Akọ̀wé, mo ń ràn ọ́ lọ́wọ́ ni. Ṣé èèyàn máa ń bú ẹni tó fẹ́ tọrọ nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀ ni?”

“A ò tọrọ nǹkan. Ẹjọ́ la ń rò.”

“Ó dáa, wọ̀ ọ́ láṣọ fúnra rẹ. Tó o bá ti fi í ránṣẹ́, má padà wá síbí mọ́.”

Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi kọ àṣẹ kúkúrú kan fún kọ̀ǹpútà, tí mo so mọ́ ètò íméèlì náà. Bí mo bá ti ní kí lẹ́tà máa lọ, àṣẹ náà yóò ka èyí tí mo tẹ̀, yóò ti inú rẹ̀ ṣẹ̀dá èyí tó wọṣọ, ọ̀rọ̀ sí ọ̀rọ̀, yóò sì di méjèèjì sínú àpò kan. Ẹni tí kọ̀ǹpútà rẹ̀ mọ ọ̀ṣọ́ á rí ọ̀ṣọ́, ẹni tí tirẹ̀ kò mọ̀ ọ́n á rí ọ̀rọ̀ lásán. Kò sí ọwọ́ ọ̀gá kankan láàárín. Mo fi í ránṣẹ́ lójú rẹ̀, mo kó ìwé mi, mo jáde.

Ó pẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó wá. Nígbà tí òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì náà kan dé etí odò, lẹ́tà tó wọṣọ ló tẹ̀ jáde sọ́wọ́, ó ń túmọ̀ rẹ̀ fún àwọn àgbà. Ó dé ibi ọ̀rọ̀ ìyá náà, ó gbójú sókè sí ìyá tó jókòó níwájú rẹ̀. Ó ní, “Mama, ibí yìí le o.”

Ìyá ní, “Ẹ máa kà á lọ. Èmi ni mo sọ ọ́.”

Ó kà á tán, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó bu omi náà sínú ìgò, ó gbé e lọ. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, ilé iṣẹ́ náà gbẹ́ kòtò fún ẹ̀gbin rẹ̀.

Láti ìgbà náà, n kì í bá ẹni tó bá fẹ́ kí ọ̀rọ̀ tálákà wọ agbádá kó tó gbọ́ ọ jà. Mo lè rán agbádá. Ẹni tó bá ní kí n pààrọ̀ ọ̀rọ̀ tó wà nínú agbádá, èmi pẹ̀lú rẹ̀ la jọ máa fà á.