Ìjàpá Tí Gbogbo Kúlóòsì Ń Tì

Ẹni tó bá ní ọkọ̀ ìjàpá bàbá mi kò lẹ́wà, kó lọ tọ́jú ojú rẹ̀. Kí wọ́n tó bí mi ni bàbá mi ti rà á. Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ẹgbẹ́ wọn ní Festac ń gun Pijó, ìjàpá yìí ṣì ń dán gbinrin níwájú ilé wa, nínú òpópónà kékeré tí à ń pè ní kúlóòsì.

Àbùkù kan ló ní: kì í jí láàárọ̀ bí a ò bá tì í. Kò sì sẹ́ni tó ń dúró de ìpè. Bí bàbá mi bá ti wọnú ọkọ̀ báyìí, bọ̀dá télọ̀ ìsàlẹ̀ ilé á ju àlùmọ́gàjí sílẹ̀, ìyá oníbúrẹ́dì á so ìró wọn le, èmi náà á gbé báàgì ilé-ìwé kọ́rùn, ó di títì. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti dún gbùùrù, gbogbo wa á hó yèè! Mo fẹ́ràn àárọ̀ wọ̀nyẹn ju ọdún Kérésì lọ.

Màmá mi nìkan ni kì í ti ọkọ̀. Inú rẹ̀ ni wọ́n máa ń jókòó sí bí olorì, báàgì lórí itan.

Ìgbà tí bàbá mi wá ní àwọn fẹ́ tà á, kí àwọn náà lè ra Pijó, ó dun màmá mi wọra.

"Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tà á. Òun lẹ fi gbé mi kúrò nílé bàbá mi."

"Mọ́mì, ìfẹ́ kọ́ ló ń gbé èèyàn dé ọ́fíìsì."

Lálẹ́ ọjọ́ náà, màmá mi ò fẹnu kan oúnjẹ. Àánú wọn ṣe mí gan-an.

Bàbá mi pe mẹkáníìkì, ó pààrọ̀ bátìrì, ó tún sítátà ṣe. Ọkọ̀ wá ń dá jí. Ní Sátidé, ọkùnrin kan tó fẹ́ràn ọkọ̀ àtijọ́ wá láti ìhà Ìjẹ́gun, ó ń fọwọ́ pa á lára, ó ní irú rẹ̀ ò sí mọ́. Bàbá mi wọnú ọkọ̀ kí àlejò lè gbọ́ ohùn ẹ́ńjìnnì. Wọn ò tíì yí kọ́kọ́rọ́ tí màmá mi fi sáré dé ẹ̀yìn ọkọ̀, wọ́n fọwọ́ méjèèjì tì í, wọ́n figbe ta:

"Ará ilé, Dádì fẹ́ jáde o!"

Àlùmọ́gàjí bọ́ sílẹ̀. Ìró le. Gbogbo wa ya dé.

"Ẹ fi í sílẹ̀! Ó ń dá jí!" Bàbá mi ń pariwo.

"Ẹ má ṣèyọnu, sà, a ti dé!" ni télọ̀ ń dáhùn, a sì tì í dé ìkóríta.

Àlejò rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Ọ̀gá, ẹ má bínú. Bí mo bá ra ọkọ̀ yìí, àfi kí n ra àdúgbò mọ́ ọn." Ó bá tirẹ̀ lọ.

Bàbá mi yí kọ́kọ́rọ́ lẹ́ẹ̀kan. Gbùùrù! Kò sẹ́ni tó hó. Wọ́n wo màmá mi: òógùn lójú, eruku lọ́wọ́, ìró ti fẹ́ẹ́ tú. Ojú lọ̀rọ̀ wà. Ẹ̀rín pa bàbá mi débi pé orí wọn tẹ họ́ọ̀nù. Wọ́n sọ̀ kalẹ̀, wọ́n ṣílẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ kejì fúnra wọn.

"Ìyàwó mi, wọlé. A ò tà á mọ́."