Ẹ̀rọ Tí Kò Rí Búréèkì

Búréèkì bọ́ọ̀sì tí a wọ̀ láti Ìgèdè ló kọ̀ tí kò mú mọ́, tí a fi já wọ inú igbó. Àwọn méjì tó jókòó níwájú mi kò dìde mọ́. Láti ìgbà náà, n kì í wọ ọkọ̀ ẹnikẹ́ni láìbèèrè búréèkì. Ẹni tó bá fẹ́ fi mí rẹ́rìn-ín, kó máa rẹ́rìn-ín.

Onílé wa ní Adó ra nǹkan kékeré kan tí wọ́n ń kì bọ abẹ́ sítíárì, tó máa ń sọ àìsàn ọkọ̀ sójú fóònù. Láti ọjọ́ náà ló ti gbọ́n ju gbogbo mẹkáníìkì lọ. Nígbà tí mẹkáníìkì àdúgbò rí i pé àwọn oníbàárà ń sá, òun náà ra tirẹ̀. Ẹ wá wo ṣọ́ọ̀bù: àgbàlagbà méjì tẹjú mọ́ fóònù bí ẹni ń wo bọ́ọ̀lù, bọ́nẹ́ẹ̀tì wà ní pípadé, ọwọ́ wọn mọ́ tónítóní.

Ní àárọ̀ Sátidé kan, onílé fẹ́ gbé ọmọbìnrin mi dé Ìgbẹmọ, kó lọ kí ìyá mi. Bó ṣe ń fi ẹ̀yìn wa ọkọ̀ rẹ̀ jáde, mo gbọ́ tí irin ń ha irin. Mo bẹ̀ ẹ́ títí a fi dé ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n ki ẹ̀rọ bọ abẹ́ sítíárì.

"Tíṣà, ẹ wò ó fúnra yín," onílé ní. "Ara ọkọ̀ dá ṣáṣá."

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jẹ́ kó yọ táyà."

Mẹkáníìkì rẹ́rìn-ín. "Táyà kẹ̀? Ẹ̀rọ ti sọ̀rọ̀, ẹ tún ń wá ẹlẹ́rìí?"

"Ẹ̀rù ló ń ba Tíṣà," onílé dáhùn. "Ẹ̀rọ kankan ò lè rí ìyẹn."

Mo jókòó sílẹ̀ níwájú táyà. Mo ní ẹni tó bá fẹ́ gbé ọmọ mi lọ yóò kọ́kọ́ gùn mí kọjá. Mẹkáníìkì pòṣé, ó fa jáàkì wá.

Páàdì búréèkì ti jẹ tán pátápátá. Onílé tún yọjú sí fóònù, bóyá ọ̀rọ̀ ibẹ̀ ti yí padà.

"Ẹ̀rọ yìí ló kéré," mẹkáníìkì ní. "Màá ra èyí tó tóbi."

Lọ́jọ́ Àìkú, onílé jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì pé Ọlọ́run fi ẹ̀rọ òun yọ òun nínú ewu. Ìjọ hó yèè. Ilé rẹ̀ ni mo ń gbé, n kò já a nírọ́. Ọmọ mi jókòó tì mí, ara rẹ̀ le. Mo bá wọn ké halelúyà.