Ohun Tí Nauroz Fi Pamọ́ Síkùn

Ibi ìpẹran ní Dandenong, ní Ọsirélíà, ni èmi àti Nauroz ti jọ ń ṣiṣẹ́. Hazara ni wá, ẹ̀yà táwọn Tálíbán kórìíra, ọmọ agbègbè Jaghori. Òun ń bọ́ awọ àgùntàn, èmi ń fọlẹ̀. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Èmi náà kì í sọ.

Ohun tó lé e kúrò nílé, èmi nìkan ló sọ ọ́ fún. Ọ̀gá Tálíbán kan ní òun fẹ́ fi ọmọbìnrin Nauroz ṣaya. Ó kọ̀. Wọ́n wá fipá gbé ọmọ náà lọ. Nauroz lọ jí i gbé padà, ó fi í pamọ́ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ní Quetta, lódìkejì ààlà, òun sì sá wá sí Ọsirélíà. Ọ̀gá yẹn ti búra pé òun á pa á.

Nígbà tí ìgbìmọ̀ físà bi í léèrè, ó ní, "Wọ́n kórìíra Hazara." Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Khadim tó ń ṣe ògbufọ̀ fún un, ọmọ abúlé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwa ni. Láàárín wa, ọmọbìnrin tí ọkùnrin bá ti gbé lọ sílé, orúkọ ẹ̀ ti bàjẹ́ nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ ẹnì kan ti ń fẹ́ ọmọ yìí sọ́nà ní Quetta.

Ìgbìmọ̀ ní kó padà sílé, kó lọ máa gbé ní Kabul, olú ìlú wa, pé kò séwu níbẹ̀. Wọn ò fún un ní físà ààbò. Ó gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sílé ẹjọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ ẹjọ́ náà, súùtù dúdú tí mo yá a ló wọ̀.

"Ọkọ ìyàwó," mo ní, "àwo ìrẹsì tèmi dà?"

"Má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Màá sọ ọ́ lónìí."

"Lójú Khadim? Òun náà ló tún ń ṣe ògbufọ̀ lónìí."

"Tí wọ́n bá pa mí ní Kabul, ta ló máa bọ́ ọmọ náà?"

Ní ilé ẹjọ́ yẹn, wọn kì í pe orúkọ àwa tó wá béèrè ààbò. Lẹ́tà àti nọ́ńbà ni wọ́n fi ń pè wá, kí ọ̀tá má baà mọ̀. Ó dáa. Ṣùgbọ́n àwa Hazara la kún ìjókòó ẹ̀yìn, oníkálukú ń dúró de ẹjọ́ tiẹ̀.

Nauroz dìde, ó sọ gbogbo ẹ̀. Khadim ń túmọ̀ ẹ̀ bó ṣe ń sọ ọ́. Gbogbo ìjókòó ẹ̀yìn ló gbọ́.

"Bàbá," Khadim ní, "adájọ́ ní ó dun òun. Ó ní bóyá ìgbìmọ̀ tẹ̀ lé òfin nìkan lòun lè wò. Òun ò lágbára láti gbọ́ ọ̀rọ̀ tẹ́ ò sọ fún wọn."

"Sọ fún un pé torí tìẹ ni mi ò fi sọ ọ́ nígbà yẹn," Nauroz ní.

Khadim wolẹ̀. "Torí tèmi?"

"O mọ ilé mi."

Ó túmọ̀ ìyẹn náà. Adájọ́ béèrè bóyá ó bẹ ìgbìmọ̀ fún ògbufọ̀ mìíràn nígbà náà. Nauroz ní rárá. Ta ló máa sọ irú ẹ̀ lójú ọmọ aládùúgbò ẹ̀? Adájọ́ da ẹjọ́ náà nù.

Nígbà tá a jáde, Khadim sáré bá wa. "Bàbá, mi ò gbọ́ nǹkan kan o. Iṣẹ́ mi nìyẹn."

"Mo mọ̀, ọmọ mi. Àwọn tó jókòó lẹ́yìn ńkọ́?"

Kò pẹ́ tí wọ́n fi pè é láti Quetta pé ọ̀rọ̀ náà ti dé ọ̀hún. Àwọn àna ti dá àwo súìtì àti ìborí tí wọ́n gbà lọ́jọ́ ìdána padà. Kò sí ìgbéyàwó mọ́.

Lọ́jọ́ kejì ìpè náà, ó wá síbi iṣẹ́. Ó ń bọ́ awọ. Mo gbé tíì lọ bá a.

"Mu ún kó tó tutù."

"Ibo ni kí n lọ báyìí?" ó ní.

Mo dúró tì í títí tíì náà fi tutù.