Aṣọ Tí Fíìmù Kò Fẹ́

Bí mo bá gbóòórùn áyọ́ọ̀nù eléèédú lórí aṣọ tuntun, àárọ̀ ọjọ́ kan ní Ìnísà ni ọkàn mi máa ń lọ. Ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mo wà, fíìmù àgbéléwò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbòde. Àwọn onífíìmù kan wá láti Ìbàdàn, wọ́n ń wá oko tí wọn yóò ti ya eré nípa ọmọbìnrin kan tó fẹ́ràn igbó ju ilé lọ. Oko bàbá mi lọ́nà Òkukù ló wù wọ́n. Nígbà tí wọ́n bá mi níbẹ̀ pẹ̀lú agbọ̀n ẹ̀pà lórí, ọ̀gá wọn ní èmi gan-an ni òun ń wá. Ká má purọ́, orí mi wú. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, kò sẹ́ni tí mi ò tíì sọ fún ládùúgbò wa pé mo ti di òṣèré.

Aránṣọ ni ìyá mi. Àwọn ló ń rán yunifọ́ọ̀mù àwọn ọmọ àdúgbò, ṣùgbọ́n irú aṣọ tí wọ́n rán fún mi nítorí fíìmù yìí, mi ò rí i lọ́wọ́ wọn rí. Wọ́n lọ sí ọjà Ìkìrun lọ ra aṣọ aláwọ̀ yẹ́lò, wọ́n fi léèsì funfun sí i lọ́rùn, wọ́n sì ra bàtà funfun tì í. Wọ́n dirun fún mi. Bí wọ́n ti ń lọ aṣọ náà ni wọ́n ń sọ fún mi pé, "Ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀. Ẹni tí ò mọ̀ wá rí máa rí ẹ. Kí wọ́n rí i pé o lẹ́ni tó ń tọ́jú ẹ." Nílùú wa nígbà náà, ẹni tó bá fẹ́ ya fọ́tò á kọ́kọ́ wẹ̀, á sì wọ aṣọ ìjáde. Ta ló máa rò pé ti fíìmù yàtọ̀?

Bàbá mi ló mú mi lọ, torí iṣẹ́ pọ̀ nílẹ̀ fún ìyá mi. Ọ̀gá onífíìmù rí mi, ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní ọmọ inú igbó lòun fẹ́, kì í ṣe ọmọ tó ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ bọ́ aṣọ àti bàtà mi, wọ́n wọ àkísà kan fún mi, wọ́n fi koríko há mi nírun, wọ́n sì fi ẹrẹ̀ pa mí lójú. Bàbá mi la ẹnu láti sọ̀rọ̀, ọ̀gá náà ní, "Bàbá, ẹ lọ sinmi lábẹ́ ahéré, kóhùn yín má baà wọnú eré." Ó wá ní kí n dì mọ́ igi, kí n máa bá ikún tí kò sí níbẹ̀ ṣàwàdà bí ọ̀rẹ́. Ikún tí èmi àti bàbá mi ń sọ lókùúta nítorí ẹ̀pà! Igi ọ̀hún sì kún fún tanpẹ́pẹ́. Mo dì mọ́ ọn, mo ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń ta mí.

Nílé wa, a kì í gbé ẹsẹ̀ ẹlẹ́rẹ̀ wọ̀lú. Odò la ti máa ń fọ̀ ọ́ ká tó dé ìgboro. Bàbá mi wẹ̀ mí lódò lọ́jọ́ náà, ó sì dá aṣọ mi padà sí mi lára. Nígbà tí a délé, ìyá mi béèrè pé, "Ṣé wọ́n yà ẹ́ dáadáa?" Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà." Bàbá mi wúkọ́, ó béèrè omi mímu.

Nígbà tí fíìmù náà jáde, ọ̀dọ̀ tíṣà tó nìkan ní fídíò ládùúgbò la kóra jọ sí. Ìyá mi din ẹ̀pà, wọ́n ra mínírà, wọ́n pe gbogbo oníbàárà wọn, wọ́n sì jókòó síwájú. Ìgbà tó yá ni mo yọ lójú tẹlifíṣọ̀n nínú àkísà, pẹ̀lú ẹrẹ̀ lójú, mo ń ṣa èso nílẹ̀ jẹ láìnù ún. Ohùn kan sì ń ròyìn mi pé ọmọ yìí kò ní ìyá, igbó ló tọ́ ọ dàgbà.

Obìnrin kan pariwo lẹ́yìn pé, "Ìyá aránṣọ, àkísà lẹ rán fún un ni?" Gbogbo ilé dà á sẹ́rìn-ín.

Ìyá mi ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n dìde, wọ́n lọ sílé wa. Nígbà tí wọ́n padà dé, aṣọ yẹ́lò náà wà lọ́wọ́ kan, bàtà funfun wà lọ́wọ́ kejì. Wọ́n dúró gbagidi síwájú tẹlifíṣọ̀n. "Ẹ wò ó. Ọmọ mi láṣọ. Ọmọ mi ní bàtà. Mo wẹ̀ ẹ́ kó tó jáde nílé."

Ẹnì kan ní, "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yà fún wa, ẹ jẹ́ ká ríran."

Ìyá mi yà fún wọn. Ikú yá ju ẹ̀sín lọ, bẹ́ẹ̀ làwọn àgbà wí, èmi náà sì wá ihò tí mo lè wọ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà, mi ò rí. Ohun tó ń dùn mí títí dòní ni pé ìyá mi ló tì mí lójú. Onífíìmù kò tì mí lójú rárá. Mo gbórí sáàárín orúnkún, mo ń gbàdúrà pé kí wọ́n gbé aṣọ yẹn kúrò.

Àwọn ọmọ mi ń wo irú fíìmù bẹ́ẹ̀ báyìí nínú fóònù. Láìwọ bàtà lọmọ inú wọn máa ń rìn, ẹyẹ á máa bà lé e lọ́wọ́, kì í sì í sábà ní ìyá. Wọ́n bi mí bóyá bẹ́ẹ̀ lèmi náà ṣe gbé oko. Mo sọ fún wọn pé sílípáàsì là ń wọ̀ lọ, a sì máa ń fọ ẹsẹ̀ ká tó wọ̀lú.

Láìpẹ́ yìí ni mo lọ kí ìyá mi ní Ìnísà. Mo bá wọn lẹ́yìnkùlé, wọ́n ń tu koríko ìdí ẹ̀fọ́, ọwọ́ wọn kún fún erùpẹ̀, oòrùn àárọ̀ sì ń ràn sí wọn lára. Ó rẹwà lójú mi, mo sáré yọ fóònù. Wọ́n fi ọwọ́ pamọ́ sẹ́yìn. "Jẹ́ kí n lọ wẹ̀ ná." Ó ti dé orí ahọ́n mi láti sọ pé bí wọ́n ṣe wà yẹn gan-an ni mo fẹ́. Ojú tì mí, mo rẹ fóònù náà sílẹ̀.

Wọ́n pẹ́ nínú ilé. Nígbà tí wọ́n jáde, léèsì ló wà lára wọn, gèlè wà lórí. Wọ́n dúró ṣánṣán lẹ́bàá ẹ̀fọ́.

"Ṣé bàtà mi hàn?"

Mo fi ẹ̀yìn rìn títí bàtà náà fi hàn.